Ìlà Kejì: Bí Àyẹ̀wò Oyún Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìdánwò ku ọ̀la, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ilé wa ni, ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí náà sì ni, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú bébà ìnujú tí ó fi wé e, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ìlà ni èyí àbí ojú mi ni?" Mo gbé e súnmọ́ iná. Ìlà kan hàn gbangba. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun kan wà bí òjìji, tí ó dàbí ìlà tí kò sì fẹ́ jẹ́ ìlà. Mo bi í pé ìgbà wo ni ó ti ṣe é. Ó ní láti àárọ̀ ni.

Nítorí pé ẹ̀ka ìmọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn ni mo wà, irú páálí báyìí, tí gbogbo wa ń pè ní PT, ti dé ọwọ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé gbogbo ènìyàn mọ bí a ti ń rà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ ohun tí ó ń wá nínú ìtọ̀. Ẹni tí kò sì mọ ohun tí ó ń wá kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbà á gbọ́ àti ìgbà tí kò yẹ. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú wa pé kí ó fún mi ní àyè nínú ìwé ìròyìn ti sáà yìí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀.

FÍFẸ́RA KÙ

Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ó ti fẹ́ra kù. Bí a bá wá ẹnì kan lọ sí ilé tí a kò bá a, a ó ní a fẹ́ ẹ kù. Obìnrin tí ó fẹ́ra kù ni ẹni tí ó retí nǹkan oṣù rẹ̀ tí kò rí i. Bí ó ti yé èmi nìyẹn, kí àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè má bínú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé obìnrin kan máa ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọjọ́ 28 síra. Ẹyin rẹ̀ yóò jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú kí nǹkan oṣù tí ń bọ̀ tó dé. Bí irúgbìn ọkùnrin bá pàdé ẹyin yìí, inú ọ̀nà tóóró tí ó so ilé ẹyin pọ̀ mọ́ ilé ọmọ ni wọ́n ti ń pàdé, kì í ṣe inú ilé ọmọ gan-an. Ẹyin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, yóò sì máa rọra rìn bọ̀ sínú ilé ọmọ. Ní gbogbo àkókò yìí kò so mọ́ ibì kankan. Nínú ọ̀pọ̀ oyún tí ó dúró, ọjọ́ kẹjọ sí ìkẹwàá lẹ́yìn tí ẹyin jáde ni ó tó rì sínú ìtẹ́ ilé ọmọ. Ti ẹlòmíràn lè yá dé ọjọ́ kẹfà, ti ẹlòmíràn sì lè pẹ́ dé ọjọ́ kejìlá.

Ìgbà tí ó bá rì sínú ìtẹ́ yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tí yóò di ibi ọmọ nígbà tí ó bá yá, bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. hCG ni a ń pe èròjà náà. Họ́mọ̀nù ni, èyíinì ni ohun tí ẹ̀yà ara kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ wo ni ó ń jẹ́? Ibi tí ẹyin ti jáde nínú ilé ẹyin máa ń di àpò kékeré kan, àpò yìí ni ó sì ń pèsè progesterone, tí kì í jẹ́ kí ìtẹ́ ilé ọmọ ya. Bí kò bá sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí i, àpò náà yóò gbẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, progesterone yóò wálẹ̀, ìtẹ́ yóò ya, nǹkan oṣù yóò sì dé. hCG ni ìránṣẹ́ tí ń lọ sọ fún àpò náà pé kí ó má gbẹ, pé àlejò ti wọlé. Nítorí náà ohun tí ó dá nǹkan oṣù dúró gan-an ni páálí àyẹ̀wò ń wá. Ohun tí àwọn ìyá wa ń rí láti ìta ni páálí ń wò láti inú.

Láti kékeré ni hCG ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n ń tà fún wa kì í rí i títí yóò fi tó ìwọ̀n 25 mIU nínú mílílítà ìtọ̀ kan; wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà yìí sí ara àpò rẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọjọ́ 28 oṣù ni obìnrin yìí ń retí nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹyin jáde ní ọjọ́ 14. Ó rì sínú ìtẹ́ ní ọjọ́ 23. Bí hCG bá wà ní 5 ní ọjọ́ 25, yóò di 10 ní ọjọ́ 27, yóò di 20 ní ọjọ́ 29, yóò sì wọ 40 ní ọjọ́ 31. Ẹ rí i pé lọ́jọ́ 28 gan-an, tí obìnrin yìí fẹ́ra kù, páálí lè má tíì rí ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ó lóyún. Ti ẹni tí tirẹ̀ rì ní ọjọ́ 21 ìbá ti hàn. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí a ń retí nǹkan oṣù, oyún tí páálí kò ní rí ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tí ó sì tọ̀ sí páálí ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò ṣe àyẹ̀wò kankan. Ó kàn fi owó ra ibi tí yóò tọ̀ sí ni.

EKU, EHORO ÀTI ÀKÈRÉ

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ yìí fi di ohun tí ènìyàn lè ṣe fúnra rẹ̀ nínú yàrá. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti fura pé inú ìtọ̀ ni ó yẹ kí a wá a. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí obìnrin máa tọ̀ sórí àlìkámà àti ọkà báálì. Bí ọkà bá hù, ó lóyún. Wọ́n tilẹ̀ ń fi irú èyí tí ó hù sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ní 1963 àwọn olùwádìí dán an wò, ìtọ̀ aboyún sì mú kí ọkà hù ní nǹkan bí ìgbà 70 nínú 100. Ti akọ tàbí abo ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Selmar Aschheim àti Bernhard Zondek ní ìlú Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìtọ̀ obìnrin bí abẹ́rẹ́ sí ara abo eku tí kò tíì dàgbà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á pa eku, wọ́n á la inú rẹ̀. Bí ilé ẹyin eku ọmọdé yìí bá ti jí bí ti àgbàlagbà, a jẹ́ pé hCG wà nínú ìtọ̀ náà. Ní 1931 Maurice Friedman ní Amẹ́ríkà fi ehoro rọ́pò eku. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń sọ pé "ehoro ti kú" bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé obìnrin kan lóyún. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tilẹ̀ tọ́. Oyún wà o, oyún kò sí o, wọ́n á pa ehoro náà kí wọ́n tó rí inú rẹ̀.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni ti àkèré, nítorí pé ọmọ Áfíríkà ni. Lancelot Hogben, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town, ṣàkíyèsí ní nǹkan bí ọdún 1930 pé irú àkèré kan tí ó wà nínú adágún omi Gúúsù Áfíríkà, Xenopus laevis, máa ń yé ẹyin bí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ irú họ́mọ̀nù báyìí. Àwọn mìíràn gbé iṣẹ́ náà síwájú títí ó fi di àyẹ̀wò oyún. Bí wọ́n bá fi ìtọ̀ aboyún gún àkèré ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti yé ẹyin kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kò ní pa á. Wọ́n á dá a padà sínú omi rẹ̀ títí dìgbà mìíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkèré yìí ni wọ́n fi ọkọ̀ kó lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà títí di àwọn ọdún 1960.

Ní 1960, Leif Wide àti Carl Gemzell ní Sweden rí ọ̀nà láti ṣe é nínú ìgò kékeré láìsí ẹranko láàyè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá ku síbì kan: ọwọ́ dókítà àti ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó wà, obìnrin fúnra rẹ̀ yóò sì dúró kí wọ́n tó sọ ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ fún un. Ní 1967, ọ̀dọ́bìnrin kan, Margaret Crane, tí ilé-iṣẹ́ oògùn Organon gbà ní New Jersey láti máa yàwòrán páálí ìpara, rí àwọn ìgò náà ní ilé àyẹ̀wò wọn, ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí obìnrin kò lè ṣe èyí nílé. Ó fi ike kékeré tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n tà á ní Kánádà ní 1971, ó sì dé Amẹ́ríkà kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Dọ́là kan péré ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Margaret Crane. Páálí tí a kàn ń tọ̀ sí, tí kò nílò ìgò tàbí àlùmọ́ọ́nì mìíràn, kò dé títí di 1988, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

BÚRẸ́DÌ ÀTI ÀKÀRÀ

Kí ni ó wà nínú páálí náà? Ẹ mọ̀ pé bí ohun àjèjì bá wọ inú ara, ara máa ń ṣe àwọn ọmọ ogun tí yóò dì mọ́ ohun náà. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan mọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò mú. Bí kì í bá ṣe òun, yóò jẹ́ kí ó kọjá. Ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge wá ọ̀nà láti mú kí sẹ́ẹ̀lì eku máa ṣe irú ọmọ ogun kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, gbogbo wọn ní ojú kan náà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1984. Láìsí iṣẹ́ wọn, páálí PT kò bá má sí.

Ìṣòro kan wà tẹ́lẹ̀. Apá méjì ni hCG ní, alpha àti beta. Apá alpha yẹn bá ti àwọn họ́mọ̀nù mìíràn mu, pàápàá LH, èyí tí ó máa ń pọ̀ lára obìnrin nígbà tí ẹyin bá fẹ́ jáde. Àyẹ̀wò àtijọ́ máa ń ṣi LH mú bí ẹni tí ó rí ìbejì tí ó pe Táyé ní Kẹ́hìndé. Ní 1972 Judith Vaitukaitis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá ṣe ọmọ ogun tí ó mọ beta nìkan, àṣìmú náà yóò dópin. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ "beta hCG" ní ilé ìwòsàn.

Wàyí o, nígbà tí ẹ bá ti ẹnu páálí bọ ìtọ̀, bébà inú rẹ̀ yóò fa ìtọ̀ náà gòkè gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti ń fa kẹrosíìnì. Ohun àkọ́kọ́ tí ìtọ̀ yóò bá lọ́nà ni àwọn ọmọ ogun tí a ti gbẹ síbẹ̀, tí wọ́n gbé àwọ̀ sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ páálí, wúrà ni àwọ̀ yìí. Mo ní wúrà! Bí a bá lọ wúrà kúnná kọjá ohun tí ojú lè rí, pupa ni ó máa ń dà. Ìtọ̀ yóò tu àwọn ọmọ ogun yìí, wọn yóò sì jọ máa gòkè. Bí hCG bá wà nínú ìtọ̀ náà, wọn yóò dì mọ́ ọn lápá kan.

Ní iwájú, níbi tí wọ́n kọ T sí, àwọn ọmọ ogun mìíràn wà tí a ti lẹ̀ mọ́ ojú kan. Àwọn yìí ń mú hCG lápá kejì. hCG tí ó ti gbé ọmọ ogun oníwúrà lẹ́yìn yóò há síbẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan, títí pupa wọn yóò fi pọ̀ tó ohun tí ojú rí. Ẹ rò ó bí búrẹ́dì méjì tí àkàrà wà láàárín wọn. Búrẹ́dì tòkè ni ọmọ ogun oníwúrà, búrẹ́dì tìsàlẹ̀ ni èyí tí a lẹ̀ mọ́ bébà, hCG ni àkàrà. Bí kò bá sí àkàrà, kò sí ohun tí yóò so búrẹ́dì méjèèjì pọ̀. Tòkè yóò kọjá lọ, T yóò sì wà ní funfun.

Àwọn tí ó bá kọjá T yóò dé C. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò bìkítà fún hCG rárá. Ọmọ ogun eku oníwúrà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń mú. Nítorí náà, oyún wà o, kò sí o, C gbọ́dọ̀ pupa. Ẹlẹ́rìí ni C, ó ń jẹ́rìí pé ìtọ̀ rìn dé òkè àti pé àwọn ọmọ ogun kò tíì bàjẹ́. Bí C kò bá hàn, páálí náà kò sọ nǹkan kan, ì báà jẹ́ pé T pupa fòò.

Ọgbọ́n kan náà ni páálí ibà tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ìka wa ní kíníìkì ń lò, òun náà ni ti Kòrónà tí a rí ní 2020. Ohun tí wọ́n ń wá ni ó yàtọ̀.

ÌLÀ OMI GBÍGBẸ

Mo padà sí ọmọ ilé wa. Ìlà tí ó ní òun rí kò ní àwọ̀ pupa. Eérú ni ó jọ. Páálí tí ó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ti gbẹ, ìtọ̀ tí ó gbẹ sórí bébà sì máa ń fi àmì sílẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ àwọn ọmọ ogun T sí. Ìlà omi gbígbẹ ni, kì í ṣe ìlà oyún. Bí ìwé inú àpò bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹ wò ó, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sọ ọ́ nù kí ó má baà dá yín láàmú. Ẹnì kan wà tí ó gbé odindi ìgò àgbo mì nítorí irú òjìji bẹ́ẹ̀. Kò lóyún rárá, ṣùgbọ́n àgbo náà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Bí ìlà kejì bá hàn láàárín àkókò tí ó yẹ, tí ó sì ní àwọ̀, ìlà ni, bí ó ti wù kí ó ṣá tó. Ìlà tí ó ṣá kò túmọ̀ sí oyún díẹ̀. hCG tí kò tíì pọ̀ ni. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yóò ti pọ̀ sí i bí oyún náà bá ń dúró. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ni ó dára jù, nítorí pé ó ti ki. Ẹni tí ó mu omi sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin kí ó lè tètè tọ̀ ti fi omi la hCG rẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa tí a wá kàwé sí Òkè Ọya ni ooru. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ara àpò páálí ni pé kí a tọ́jú rẹ̀ láàárín ìwọ̀n 2 sí 30. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí oṣù kẹrin ń ṣe níbí, nígbà tí ooru àwọn ìlú kan máa ń kọjá 40. Páálí tí ó wà nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí oòrùn ń pa á láti àárọ̀, lè ti bàjẹ́ kí ẹ tó rà á. Ẹ rà á níbi tí ó ní òjìji, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò kọjá lò, ẹ má sì ya àpò rẹ̀ títí ẹ óò fi fẹ́ lò ó.

Ní ti àwọn tí ń bu iyọ̀ tàbí ṣúgà sínú ìtọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò hó: hCG kò mọ iyọ̀, iyọ̀ kò mọ hCG. Ti àwọn tí ń da omi ìfọṣọ funfun tí ń ṣí àwọ̀ sí i tilẹ̀ léwu, nítorí pé bí ó bá pàdé ìtọ̀, ó máa ń rú èéfín tí ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Mo ti rí i nínú fídíò lórí fóònù, n kò sì rẹ́rìn-ín.

OHUN TÍ PÁÁLÍ KÒ LÈ SỌ

Páálí ń sọ pé hCG wà. Kò sọ ohun mìíràn. Ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lè ní hCG nínú ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹni tí dókítà fún ní abẹ́rẹ́ hCG nítorí ọmọ yóò rí ìlà méjì láìtíì lóyún. Oyún èké kan wà tí ibi ọmọ nìkan ń hù láìsí ọmọ tí yóò yè, hCG tirẹ̀ a sì máa pọ̀ jọjọ. Nígbà tí hCG bá pọ̀ jù báyìí, ohun ìyanu kan lè ṣẹlẹ̀: àkàrà á pọ̀ débi pé búrẹ́dì tòkè ní tirẹ̀, tìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, kò ní sí èyí tí yóò so wọ́n pọ̀, ìlà á sì ṣá tàbí kí ó má hàn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń fi páálí PT ṣeré nínú yàrá, bí ìlà méjì bá hàn fún ọ̀kan nínú yín, kí ó má rẹ́rìn-ín, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ. Irú jẹjẹrẹ kan tí ó ń mú kórópọ̀n máa ń tú hCG.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó mú mi kọ ìwé yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé páálí kò lè sọ ibi tí oyún náà wà. Mo ti sọ pé inú ọ̀nà tóóró ni ẹyin ti ń gba irúgbìn. Nígbà mìíràn kì í dé ilé ọmọ mọ́. Ibẹ̀ ni yóò rì sí. Yóò tú hCG, nǹkan oṣù yóò dúró, ìlà méjì yóò hàn. Ọ̀nà yẹn kò sì lè gbòòrò bí ilé ọmọ. Bí oyún bá dàgbà díẹ̀, yóò bẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sínú ikùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa mọ̀ pé òun ti fẹ́ra kù. Inú ń dùn ún lápá kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń jáde. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú. Òun náà kò sọ ti ìlà méjì fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì í. Ilé ìwẹ̀ ni ó dákú sí ní ìdájí ọjọ́ kẹta. Ọlọ́run ni ó ní kí ọkọ̀ wà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Nítorí náà, bí nǹkan oṣù bá ti dúró, tí ikùn ìsàlẹ̀ ń dunni gan-an, pàápàá lápá kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, tàbí tí orí èjìká ń dunni láìjẹ́ pé a gbé ẹrù, ilé ìwòsàn ni, wákàtí náà gan-an. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ṣe PT. Wọ́n á wọn hCG inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí 48 láti mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ bí ó ti yẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ awòkùn wò ó. Ẹ̀rọ yìí sábà máa ń rí àpò oyún nínú ilé ọmọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún láti ìgbà wo? Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọkùnrin ti dé. Àwọn oníṣègùn kì í ka oyún láti ọjọ́ ìbálòpọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń kà á, nítorí pé òun ni ọjọ́ tí ó dájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ti wọlé sínú ìṣirò kí ẹyin tó jáde rárá. Lọ́jọ́ tí obìnrin bá fẹ́ra kù gan-an, "ọ̀sẹ̀ mẹ́rin" ni wọn yóò kọ sí káàdì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ni oyún náà. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó ti ilé padà sí ọgbà ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n kọ "ọ̀sẹ̀ márùn-ún" fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ó ka ìka rẹ̀, ó ní kì í ṣe òun. Ó sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Márùn-ún yọ méjì ku mẹ́ta. Ìṣirò ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kò sì lè ṣe é.

Ẹni tí ìlà méjì rẹ̀ bá sì dájú, kí ó tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó máa lo folic acid, kí ó sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ta oògùn fún un, ì báà ṣe ti ibà tàbí ti ikọ́. Oògùn bí doxycycline, tí wọ́n ń tà fún wa bí ẹ̀pà, kò yẹ aboyún.

Ọmọ ilé wa ti alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí ó sọ páálí náà nù kí ó lọ kàwé. Ọjọ́ márùn-ún ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti fi pẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó fi ìtọ̀ òwúrọ̀ ṣe òmíràn, ó sì wo aago. Ìlà kan. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹyin rẹ̀ ìbá jáde, ẹyin náà pẹ́, nǹkan oṣù náà sì pẹ́ tẹ̀lé e. Ó dé ní ọjọ́ tí ó kọ ìdánwò tí ó kẹ́yìn.